Ọta Ráífù àti Ògiri Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ọta fún Ààbò Ilé ní Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin gbà pé kí àgbàlagbà tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá ní ìbọn nínú ilé rẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ibi, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ sì fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2008 nínú ẹjọ́ tí Dick Heller bá ìlú Washington ṣe, ẹjọ́ tí ó dá lórí ìbọn ìléwọ́ ṣùgbọ́n tí ìdájọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn nínú ilé jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ sí Houston, Atlanta, Chicago àti ìpínlẹ̀ Maryland wà lábẹ́ òfin yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò wọn ti wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọ ilé ìtajà ìbọn nínú wọn yóò rí i pé iyàn tí àwọn oníbàárà ń jà níbẹ̀ kì í sábà kọjá irú ìbọn tí ó dára jù. Ọ̀rọ̀ ọta ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọta ni ó ń kúrò lọ́wọ́ onílé, òun ni ó ń dé ibi tí ojú onílé kò tó, òun náà sì ni kò ṣeé pè padà. Lójú ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn náà dáadáa, ẹni tí ó ń yan ọta ráífù fún ààbò ilé ń yan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó wà lẹ́yìn ògiri, kí ó tó kan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí olè.

Ráífù ni ìbọn gígùn tí wọ́n gbẹ́ ìlà tí ó lọ́ yípo sí inú ọ̀pá rẹ̀ kí ọta lè máa yí bí ó ti ń jáde, yíyí yìí ni ó sì ń mú kí ó lọ tààrà sí ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà lónìí ni irú tí wọ́n ń pè ní AR-15, tí Eugene Stoner ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ArmaLite ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn onílé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, kì í ta ènìyàn léjìká púpọ̀, obìnrin àti arúgbó sì lè gbé e sí èjìká kí ó má sì mì, ohun tí ó ṣòro láti rí ṣe pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ nígbà tí ẹ̀rù bá ti mú ọwọ́ gbọ̀n.

Ohun tí ènìyàn ń rà nínú páálí tí ó ń pè ní ọta kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, nítorí ohun mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀. Agolo idẹ kékeré ni ó kó gbogbo rẹ̀ sínú. Ẹ̀tù wà nínú agolo náà. Ní ìdí rẹ̀ ni ìṣáná wà, èyí tí ó máa ń gbiná nígbà tí irin ṣóńṣó inú ìbọn bá lù ú. Ní ẹnu agolo náà ni wọ́n sì tẹ orí ọta bọ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ òjé tí wọ́n fi bàbà bò. Orí ọta nìkan ni ó ń fò jáde lọ bá ohun tí wọ́n yìn ín sí, agolo idẹ a sì já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó yìnbọn. Àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ iyì irú ọta àsopọ̀ yìí láti ìgbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, nítorí pé nígbà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìbàdàn ṣì ń rọ ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó, ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò sì lè yìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí oníṣakabùlà tó ki tirẹ̀ tán.

Gréènì ni wọ́n fi ń wọn orí ọta, 7,000 gréènì ni ó sì wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí ó fi jẹ́ pé orí ọta onígréènì 55, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fún AR-15, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Láti inú ọ̀pá oní-íńṣì 16, tí í ṣe gígùn tí ó kéré jù tí òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fàyè gbà fún ráífù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ pàtàkì, ohun kékeré yìí ń jáde pẹ̀lú eré tí ó tó nǹkan bíi 900 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì eré tí ohùn fi ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Eré ni agbára rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí irú ohun tí ó fúyẹ́ báyìí, tí ó sì ń sáré báyìí, ṣe ń ṣe nígbà tí ó bá kan ohun kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ yíyan ọta dá lé lórí.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan irú ọta, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé ṣáájú, nítorí pé níbí ni ọmọ Yorùbá tí ó wá láti ilé ti lè ṣìnà. Ẹni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ mọ ògiri sí búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, tí wọ́n fi iyanrìn àti sìmẹ́ńtì ṣe, tí wọ́n sì rẹ́ ní inú àti ní ìta, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti kó sẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ti kó sẹ́yìn ohun kan. Púpọ̀ nínú ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ni egungun wọn: wọ́n na igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ró ní íńṣì 16 sí ara wọn, wọ́n wá kan pátákó tí wọ́n ń pè ní drywall mọ́ ọn ní ìhà méjèèjì, pátákó náà kò sì ju ẹfun gypsum tí wọ́n tẹ̀ sáàárín bébà méjì lọ, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì. Àárín pátákó méjèèjì ṣófo, àfi wáyà iná, páìpù omi àti, nígbà mìíràn, òwú tí ó ń dá òtútù dúró. Ọkùnrin tí inú bí lè fi ẹ̀ṣẹ́ lu ú já. Bí wọ́n bá kùn ún tán, tí wọ́n gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́ sí i, ó jọ ògiri ilé bàbá ẹni pátápátá, ìjọra yìí gan-an ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé lójú ọta, aṣọ títa ni.

Ọta kan tí wọ́n yìn ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò lè gba inú ògiri yàrá àkọ́kọ́ kọjá, kí ó gba inú ìkejì, kí ó sì tún ní agbára tí ó lè pa ènìyàn nínú ìkẹta. Ní ilé alápapọ̀, níbi tí ìdílé kan ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdílé mìíràn, kì í ṣe àwọn ará ilé onílé nìkan ni èyí kàn. Kódà ògiri ìta, bí ó bá jẹ́ pátákó tí wọ́n fi ike bò ni, kò lè dá ọta ráífù dúró, ilé aládùúgbò sì sábà máa ń sún mọ́ tòsí.

Nítorí náà, irú orí ọta mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó wà lórí àtẹ ni ó yẹ kí onílé fi ojú ògiri yìí wò. Àkọ́kọ́, tí ó sì pọ̀ jù nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ni èyí tí wọ́n fi bàbà bo òjé rẹ̀ láti orí dé ẹ̀gbẹ́, tí a lè pè ní ọta oníbora. Irú èyí ni àwọn ọmọ ogun ń lò, nítorí pé ìpàdé àwọn ìjọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Hague ní ọdún 1899 ṣe àdéhùn pé kí àwọn tí ó bá fọwọ́ sí i má ṣe lo orí ọta tí ó ń fẹ̀ nínú ara ènìyàn lójú ogun, lẹ́yìn tí irú ọta bẹ́ẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Dum Dum lẹ́bàá ìlú Calcutta ní Íńdíà, ti dá awuyewuye sílẹ̀. Àdéhùn náà kò de ọlọ́pàá, kò sì de onílé, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọta oníbora pọ̀ káàkiri ayé. Dókítà Martin Fackler, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí ọgbẹ́ ìbọn ní àwọn ọdún 1980, fi hàn pé bí ọta oníbora onígréènì 55 bá wọ inú ẹran ara pẹ̀lú eré ńlá, ó máa ń yí ìdí padà sí iwájú, ìyípadà yìí ni ó sì ń jẹ́ kí ó ṣẹ́ níbi tí wọ́n gbé ìlà yí i ká, kí ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bí eré rẹ̀ bá ti dínkù, bóyá nítorí pé ọ̀pá ìbọn kúrú tàbí pé ọ̀nà jìn, kì í fọ́ mọ́. Ó kàn máa ń lu ohun tí ó bá kàn já ni, ó sì máa ń bá tirẹ̀ lọ. Ọta tí ìwà rẹ̀ kò dúró lójú kan báyìí yẹ fún ìdánrawò ní pápá ìyìnbọn ju kí ó wà nínú ìbọn tí onílé gbé kalẹ̀ ní òru lọ.

Èyí tí ó burú jù fún inú ilé ni oríṣi oníbora kan tí wọ́n fi irin líle há ṣóńṣó rẹ̀ nínú, tí wọ́n sì kun ẹnu rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Gréènì 62 ni, àwọn ológun sì ń pè é ní M855. Wọ́n ṣe é kí ó lè lu akoto irin já ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan ń rà á fún ilé nítorí pé orúkọ ológun wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ológun ń wá nínú ọta, kí ó kọjá nínú ohun líle, ni ohun tí bàbá ọmọ mẹ́ta nínú ilé drywall kò gbọdọ̀ wá rárá.

Irú tí àwọn olùkọ́ ìyìnbọn sábà ń yàn fún ilé ni èyí tí ó ń fẹ̀. Ìdí tí ó fi ń fẹ̀ ni pé wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n lu ihò sí i, tàbí pé wọ́n jẹ́ kí òjé rírọ̀ yọ jáde láti inú bàbà, tàbí pé wọ́n fi ike ṣóńṣó kékeré dí ihò náà kí ó lè la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Nígbà tí irú rẹ̀ bá kan ara, tí omi inú ara sì tì í láti iwájú, orí náà a tẹ́, a sì fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tètè ná agbára rẹ̀ tán sí ibi tí ó kàn. Àwọn kan nínú irú èyí wà tí wọ́n lẹ bàbà mọ́ òjé pinpin kí ó má baà fọ́, àwọn kan sì jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀. Wọn a máa wọlé jìn, wọ́n sì dára fún ọlọ́pàá tí ó lè ní láti yìnbọn gba inú gíláàsì ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún pípa ẹranko kéékèèké nínú oko, tí wọ́n fúyẹ́, tí bàbà wọn sì tín-ín-rín, ń fọ́ kíákíá púpọ̀, wọ́n sì lè má wọlé jìn tó. Irú ìkẹyìn ni èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú bàbà àti táńganran tẹ̀ pọ̀, tí ó ń di eruku bí ó bá kan irin. Fún pápá ìyìnbọn tí ó ní pákó irin ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti ń tà á fún àwọn onílé bí ẹni pé kò lè gba inú ògiri kọjá. Drywall kò le tó irin, nítorí náà irú ọta yìí lè gba inú rẹ̀ kọjá láìfọ́.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òǹkàwé lè béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ọta tí yóò dá olè dúró tí kò sì ní gba inú ògiri kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Miami ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ FBI, tí í ṣe ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, dojú ìjà kọ adigunjalè méjì. Ọta ìbọn ìléwọ́ kan ti ba ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, ó gba apá rẹ̀ wọ inú àyà, ṣùgbọ́n ó dúró kí ó tó dé ọkàn, ọkùnrin náà sì tún ń fi ráífù jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba méjì, Benjamin Grogan àti Jerry Dove, ni ó kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni FBI gbé ìlànà ìdánwò kan kalẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọta ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní: wọ́n ń yin ọta sínú gẹ́látìnì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè, tí wọ́n pò ní ìwọ̀n tí yóò fi dá ọta dúró bí ẹran ara ti ń dá a dúró, wọ́n sì fẹ́ kí ọta wọ inú rẹ̀ tó íńṣì 12, kí ó má sì kọjá 18. Ìdí ni pé olè lè kọ ẹ̀gbẹ́ sí onílé, apá rẹ̀ lè wà lọ́nà, ó sì lè wọ aṣọ òtútù tí ó nípọn, ọta sì gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ibi tí yóò dá ènìyàn dúró.

Bí ọta bá sì lè gba inú ara tí ó tó íńṣì 12, kí ni pátákó ẹfun ìdajì íńṣì méjì fẹ́ fi ṣe? Òtítọ́ tí àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ sọ síta nìyí: kò sí ọta tí ó lè dá ènìyàn búburú dúró tí drywall yóò lè dá dúró. Ẹni tí ó bá ṣèlérí ọta bẹ́ẹ̀ fún onílé ń parọ́ fún un, ẹni tí ó bá sì gbà á gbọ́ yóò yìnbọn síbi tí kò yẹ.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ọta kan sí èkejì, ìyàtọ̀ náà sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ráífù gbọ́dọ̀ lu ògiri já ju ìbọn ìléwọ́ lọ, nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n ti fi ògiri àtọwọ́dá ṣe, orí ọta .223, tí í ṣe ìwọ̀n tí AR-15 ń lò, bí ó bá fúyẹ́ tí ó sì ń fẹ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a sì máa fọ́ bí ó bá ti kan pátákó àkọ́kọ́, agbára rẹ̀ a sì tètè tán, nígbà tí orí ọta ìbọn ìléwọ́, tí ó wúwo jù ú lọ tí ó sì ń lọ jẹ́jẹ́, ń tẹ̀ síwájú láti ògiri dé ògiri, pàápàá bí lẹ́búlẹ́bú ẹfun bá ti dí ihò orí rẹ̀ tí kò sì lè fẹ̀ mọ́. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi ń gbé ráífù kékeré wọ inú ilé lónìí. Àwọn ráífù tí ọta wọn tóbi kò ní irú àǹfààní yìí: .308 tí àwọn ọdẹ fi ń pa àgbọ̀nrín jẹ́ onígréènì 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti .223 lọ, nítorí náà inú igbó ni ààyè rẹ̀. Ọta AK oníbora náà wúwo, a sì máa rìn jìn lẹ́yìn ògiri. Fún ilé tí ènìyàn pọ̀ sí, ọta .223 tí ó ń fẹ̀, tí gréènì rẹ̀ wà láàárín 50 sí 62, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe fún ààbò ara, ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Ìdánwò ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé páálí ọta kì í sọ gbogbo òtítọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùrà kà kì í ṣe ara páálí bí kò ṣe ara ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n fín ìwọ̀n ọta rẹ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Bí wọ́n bá kọ 5.56 síbẹ̀, ó lè jẹ ọta 5.56 àti .223, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ .223 nìkan ni wọ́n kọ, kí ó má ṣe fi 5.56 sí i, nítorí pé bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì, ihò tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn .223 fún jù, ìtì ẹ̀tù sì lè ga ju ohun tí irin rẹ̀ lè gbà lọ. Ewu kan wà tí ó tún ju èyí lọ fíìfíì: ọta tí wọ́n ń pè ní .300 Blackout ń wọ inú àpótí ọta kan náà pẹ̀lú .223, ó sì lè jókòó sínú ìbọn .223 kí ìbọn náà sì pa dé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tóbi ju ihò ọ̀pá lọ, bí ènìyàn bá sì yìn ín, ìbọn náà lè bú gbàmù lójú ẹni tí ó dì í mú. Ilé tí ó bá ní irú ìbọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ya àpótí ọta wọn sọ́tọ̀, kí àwọ̀ wọn sì yàtọ̀, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n àní nígbà tí oorun bá wà lójú.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ra èyí tí ó yàn ní páálí díẹ̀, kí ó sì yìn ín nínú ìbọn tirẹ̀ ní pápá ìyìnbọn, kì í ṣe nínú ti ọ̀rẹ́, nítorí pé ìbọn kan lè jẹ ọta kan láìkọ́ ọ, kí èkejì tí ó jọ ọ́ sì máa há a sí ọ̀fun. Ìlà yípo inú ọ̀pá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ yí ẹ̀ẹ̀kan nínú íńṣì 12 kò lè mú orí ọta gígùn tí ó wúwo dúró ṣinṣin, nígbà tí èyí tí ó yí ẹ̀ẹ̀kan nínú íńṣì 7 lè mú un. Ọta ààbò wọ́n ju ọta ìdánrawò lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ni ó sì ń mú kí ọ̀pọ̀ rà á láìdán an wò rí. Ìwà àìnáání ni. Ẹni tí kò lè náwó lórí ọgọ́rùn-ún ọta láti mọ̀ bóyá ìbọn rẹ̀ yóò jẹ ẹ́, kò yẹ kí ó fi ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ lé e lọ́wọ́.

Àṣà kan tún wà láàárín àwọn onílé tí ó ń ba ọta jẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ní alẹ́, onílé a ki ọta sí ìbọn. Ní òwúrọ̀, a yọ ọ́. Ní alẹ́, a tún ki ọta kan náà. Bí ó bá ti ń ṣe èyí léraléra, orí ọta náà lè máa rì wọ inú agolo idẹ díẹ̀díẹ̀, ààyè ẹ̀tù a sì fún sí i, ìtì rẹ̀ yóò sì le ju bí ó ti yẹ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá yìn ín. Ìwòsàn rẹ̀ kò nira: kí ó gbé ọta náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò tíì wọ ìbọn rí, kí ó fi ojú wọn gígùn wọn, kí ó sì ya èyí tí ó bá ti kúrú sọ́tọ̀ kí ó má lò ó mọ́. Òróró ìbọn pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kan ìdí ọta, nítorí pé ó lè jò wọ inú ìṣáná kí ó sì pa á.

Ìró ráífù nínú yàrá jẹ́ ohun tí àwọn tí ó ń rí i nínú fíìmù kò lè mọ̀. Ìwọ̀n ìró tí ó lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ráífù sì ń kọjá 150. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, níbi tí ìró kò ríbi lọ, ẹni tí ó yìn ín lè má gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé ohun ìdítí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, irú tí ó ní bátìrì, tí ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé ṣùgbọ́n tí ó ń dí ìró ńlá.

Bí ọta ti lè dára tó, kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí olè. Nínú ilé àwọn Yorùbá ní pàtàkì, ẹsẹ̀ tí ó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru lè jẹ́ ti ìyá ìyàwó tí ó wá láti Ìjẹ̀bú láti wẹ ọmọ tuntun, tí ó jí láti gbàdúrà òru, tàbí ti àbúrò tí ó dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́ tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ ń tẹnu mọ́ ìlànà kan tí Jeff Cooper, ológun ojú omi tí ó di olùkọ́ ìyìnbọn, sọ di mímọ̀ káàkiri: kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń yìnbọn sí, kí ó sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná ni kí ó kọ́kọ́ tàn, orúkọ ni kí ó kọ́kọ́ pè. Lójú ọ̀sán gangan sì ni ó yẹ kí onílé ti dúró sí ibi tí yóò dúró sí ní òru, kí ó wo apá ibi tí ẹnu ìbọn yóò kọ sí, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ta ni ó ń sùn ní ọ̀kánkán ibẹ̀; bí ó bá jẹ́ yàrá àwọn ọmọ ni, kí ó yan ibòmíràn dúró, tàbí kí ó kó gbogbo ilé sí yàrá kan, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó pe 911, kí ó sì kọ ìbọn sí ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan. Ẹni tí ó bá dúró síbi kan báyìí mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹni tí ó bá já ilẹ̀kùn wọlé, ẹni tí ó ń rìn láti yàrá dé yàrá nínú òkùnkùn kò sì mọ̀ ọ́n.

Òfin ni ó kù, kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan fojú fò ó. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tí ó wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ìbáà ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àbẹ̀wò tàbí ti iṣẹ́, ní ìbọn tàbí ọta kan ṣoṣo, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ; kò sì gbà á fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rárá. Ẹni tí ó ní green card lè ní in. Ẹni tí ilé ẹjọ́ fi àṣẹ dè nítorí ìwà ipá sí ìyàwó tàbí ọkọ kò gbọdọ̀ ní in, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì tún fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2024 nínú ẹjọ́ Rahimi. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀: ní Illinois, ènìyàn gbọ́dọ̀ ní káàdì ìdánimọ̀ oníbọn tí wọ́n ń pè ní FOID kí ó tó lè ra ọta, ní New York, wọ́n ti ń yẹ ìwé ìtàn olùrà wò kí wọ́n tó ta ọta fún un láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní New Jersey, ọta onihò lórí lè wà nínú ilé onílé, ṣùgbọ́n gbígbé e kiri láìsí ìdí tí òfin gbà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ní Massachusetts, dandan ni kí ìbọn tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín wà ní títì pa. Bí òfin ìpínlẹ̀ kò tilẹ̀ sọ ọ́, ilé tí ọmọdé wà gbọ́dọ̀ ní àpótí irin tí ó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí ìtẹ̀ka, kí ìbọn àti ọta wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọn kò bá sí lábẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà.

Àpò tí onílé fi ń gbé ọta lọ sí pápá ìyìnbọn kò gbọdọ̀ di àpò ìrìn-àjò. Ọta kan ṣoṣo tí ó bọ́ sí ìdí àpò lè dá ènìyàn dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, bí ó bá sì bá a dé Èkó, òfin ìbọn Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1959, ka ọta mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìní ìwé àṣẹ, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá kò sì ní gba àlàyé pé ìgbàgbé ni. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, kí ó ra àpò mìíràn.